Awẹ̀ró Tí Ó Jókòó Sínú Kòtò Omi

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ibi tí ẹ jókòó sí yìí ṣì jẹ́ iyanrìn lásán, tí alákàn nìkan ń sáré lórí rẹ̀, àwọn baba wa tukọ̀ dé etíkun yìí tàwọn ti aya wọn, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe òkun ló dá wọn lágara. Orí kunkun ara wọn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Orí kunkun náà ò tíì tán nínú ẹbí yìí.

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ilẹ̀ òkè ni àwọn baba wa ti wá, ilẹ̀ amọ̀ pupa. Nílẹ̀ amọ̀, bí ènìyàn bá ń wá omi, a gbẹ́ ilẹ̀, a tún gbẹ́ ẹ, títí ilẹ̀ yóò fi gbé e mì. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá jìn jù lọ ni ọkùnrin. Wọ́n bá gbé ọgbọ́n yẹn dé etí òkun. Ní ibùdó àkọ́kọ́, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, omi iyọ̀ ló tú jáde. Wọ́n kẹ́rù. Ní ibùdó kejì, wọ́n tún gbẹ́ ẹ jìn, omi iyọ̀ tún tú jáde. Wọ́n tún kẹ́rù. Ta ló ń di ẹrù yẹn? Ta ló ń gbé ìkòkò, tó ń pọn ọmọ, tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ bí ìgbì bá bù ú wọlé? Ẹ dáhùn! Obìnrin ni.

Awẹ̀ró, aya Olúgbódi, wà lára wọn. Òun ni ìyá ńlá gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ibùdó kejì yẹn ni òǹgbẹ pa ọmọ rẹ̀ àkọ́bí lójú agbami. Omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì, kò sì sí ẹ̀kán kan tó ṣe é mu. Nígbà tí wọ́n fi máa gúnlẹ̀ síhìn-ín, oyún mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn, ó wo ọkọ rẹ̀ lójú, ó ní, "Baálé mi, mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó bá tún ní ká kẹ́rù, kó di èmi náà mọ́ ẹrù."

Olúgbódi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé oyún ló ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin lọ sókun, wọ́n sì gbàgbé ọkọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ. Awẹ̀ró mú eèpo àgbọn, ó ń fi í ha iyanrìn lẹ́yìn òkìtì tí koríko hù sí. Ó ha á, ó ha á. Ìbàdí ń dùn ún, oòrùn ń jó o, inú sì ń bí i. Nígbà tí kòtò náà dé orúnkún, ó pòṣé, ó ju eèpo àgbọn sínú rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìgbà tí ó padà wá mú un, eèpo àgbọn ti ń léfòó. Ó tọ́ omi náà wò. Ó dùn. Ó tún un tọ́ wò. Ó dùn bí omi òjò.

Omi òjò náà ni. Ní etí òkun, omi òjò a máa dùbúlẹ̀ lórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀, bí epo ṣe ń lé téńté lójú omi. Ẹni tó bá rọra bu tòkè, yóò mu. Ẹni tó bá gún un dé ìsàlẹ̀, iyọ̀ yóò gòkè wá, ó parí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọkùnrin tó ní ọkọ́ lọ́wọ́?

Awẹ̀ró sọ fún wọn. Ó sọ ọ́ láàárọ̀, ó sọ ọ́ lálẹ́. "Kòtò yìí ò gbọdọ̀ kọjá orúnkún o." Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n mu omi, wọ́n yó, wọ́n gbàgbé. Ìwọ tó ń fi igi ya ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ṣé ìwọ ń gbọ́? O ṣeun.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọkọ̀ ìgbòkun ńlá kan sọ ìdákọ̀ró sí iwájú etíkun. Òǹgbẹ ń gbẹ àwọn atukọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí àgbá òfìfo wá sórí iyanrìn, ògbufọ̀ wọn sì ní bí àwọn bá rí omi bù kún un, àwọn yóò fi ìwọ̀ irin dúpẹ́. Ìwọ̀ irin! Egungun lásán ni àwọn baba wa fi ń ṣe ìwọ̀ nígbà náà. Ìlọ̀rí, ẹ̀gbọ́n Olúgbódi, tó jẹ́ olórí àwọn apẹja, fò sókè.

"Ẹ mú ọkọ́ wá! Kòtò orúnkún wo ló máa kún àgbá báyìí? Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ jìn!"

Awẹ̀ró ń yan ẹja lọ́wọ́. Ó gbọ́. Ó fi ẹja sílẹ̀. Oyún rẹ̀ ti tóbi, kò lè sáré, síbẹ̀ ó ṣáájú wọn dé ẹ̀yìn òkìtì, ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó jókòó gẹlẹtẹ sínú omi.

"Ìyàwó, dìde," Ìlọ̀rí ní.

"N ò dìde."

"O ti fi ìdí rẹ sínú omi tí gbogbo wa ń mu!"

"Omi tí ìdí mi kàn ṣì ṣe é mu, ọkọ mi àgbà. Omi ibùdó méjì lẹ ti fi ọkọ́ kàn. Ta ló mu ún?"

Àwọn atukọ̀ ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti Olúgbódi. Ó lóṣòó sí etí kòtò. "Awẹ̀ró, jọ̀ọ́. Má ṣe mí báyìí lójú àlejò. Díẹ̀ péré la fẹ́ fi kún un."

"Baálé mi, bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí ní ibùdó kejì, kí ọmọ wa tó kú. Ó yá, ẹ gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbẹ́ mi mọ́ ọn. Èmi àti oyún inú mi, ẹ kó wa dà sórí iyanrìn."

Olúgbódi gbé ọkọ́ sókè. Apá rẹ̀ dúró lókè. Kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlọ̀rí ní kí ó mú ọkọ́ wá bí kò bá lè ṣe é, òun yóò ṣe é. Ibẹ̀ ni Ọmọ́pẹ́, aya àbúrò wọn, ti dé. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Ọmọ́pẹ́. Ó mú eèpo àgbọn, ó ha kòtò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Awẹ̀ró, ó jókòó sínú rẹ̀. Aya mìíràn dé, ó ha tirẹ̀. Òmíràn dé. Kò pẹ́, gbogbo ẹ̀yìn òkìtì kún fún obìnrin tó jókòó sínú kòtò bí adìyẹ tó sàba. Àwọn ọkùnrin dúró tàwọn ti ọkọ́ wọn, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn ẹja tó ń jóná sì ń bọ̀ láti ibi ààrò.

"Ẹ lọ yí ẹja," Awẹ̀ró ní.

Wọ́n lọ yí ẹja.

Oòrùn ń rẹlẹ̀ lọ. Lójijì Ọmọ́pẹ́ ké. "Ìyáálé mi! Ìdí mi ti tutù!"

"Tèmi ti tutù láti àárọ̀, ṣé mo pariwo?"

"Rárá o, ẹ wò ó! Omi ń sun!"

Awẹ̀ró bojú wò. Lóòótọ́, omi ń sun nínú kòtò Ọmọ́pẹ́, ó ń sun nínú ti ẹni kejì rẹ̀, ó ń sun nínú gbogbo rẹ̀ pátá. Ìbínú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ń wá omi nínú wọn. Wọ́n dìde, wọ́n fún omi kúrò lára ìró, wọ́n jẹ́ kí omi tòrò. Wọ́n wá ń fi eèpo àgbọn bu díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn ò bu èyíkéyìí gbẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, àgbá kún. Iyọ̀ kankan kò gòkè.

Àwọn atukọ̀ kó ìwọ̀ irin jáde. Ìlọ̀rí na ọwọ́. Ògbufọ̀ rìn kọjá lára rẹ̀, ó lọ kó o síwájú Awẹ̀ró.

Ọkọ̀ yẹn lọ, ó ròyìn. Ọkọ̀ mìíràn wá nítorí omi, òmíràn tẹ̀lé e. Ibi tí wọ́n ti ń bu omi di ibi tí wọ́n ti ń tajà, ibi tí wọ́n ti ń tajà di èbúté, èbúté di ìlú. Kò sí ẹni tó tún kẹ́rù. Ìhín ni Awẹ̀ró bí ọmọ náà sí, omi ìhín ló kọ́kọ́ kàn án lẹ́nu, àtìrandíran rẹ̀ sì ni ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń yán yìí.

Ìdí nìyẹn tí ìyàwó tuntun kì í fi wọ ilé wa tààrà. Ẹ̀yìn òkìtì la ń kọ́kọ́ mú un lọ. Yóò fi eèpo àgbọn ha kòtò dé orúnkún, yóò jókòó sínú rẹ̀ tòun ti aṣọ ìyàwó. Ọkọ rẹ̀ yóò gbé ọkọ́ wá, yóò ní kó dìde. Yóò fèsì pé, "Gbẹ́ mi mọ́ ọn." Ibẹ̀ ni ọkọ yóò ti sọ ọkọ́ nù, yóò lóṣòó, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi, yóò sì gbé e yí ká fún gbogbo obìnrin ilé, láti orí ìyá àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, títí wọn yóò fi ní àwọn yó. Kò gbọdọ̀ kánjú. Kò sì gbọdọ̀ kùn. Bí ó bá kùn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní òǹgbẹ àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.