Ibi Kan Ṣoṣo Ni Mo Ti Ọ̀pá Bọ Omi

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Púpurú tí mo fẹ́ràn jù láyé, bí mo bá bù ú sẹ́nu, ńṣe ló máa ń dà bí ẹrẹ̀. Ìyàwó mi rò pé ibà ni, ó ti ra oògùn títí. Kì í ṣe ibà. Ohun tí mo rí ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ti rí ìjì, mo ti rí òkú lójú omi, mo ti rí ọkọ̀ tó dojú dé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tó já mi láyà bí àwòrán kékeré tí wọ́n fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àyà mi já pàà! Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì padà sípò. Bí mo bá sì rí ìyá mi lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá tó bí mi lọ́mọ o, ọ̀nà mìíràn ni mo ń gbà. Èmi àkọ́bí rẹ̀!

Ọmọ Àyèká ni mí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Bàbá mi kò fi oko sílẹ̀ fún mi, ọ̀pá ló fi sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá gígùn tí a fi ń ti ọkọ̀ lójú odò àti lójú ọ̀sà ni mò ń wí. Kí n tó gbọ́njú ni bàbá mi ti kọ́ mi pé ọ̀pá ní ẹnu. Bó bá kan iyanrìn, á dún ṣààrà. Bó bá kan ẹrẹ̀, á wọlé jẹ́jẹ́, tí o bá fà á sókè, wàá gbóòórùn rẹ̀. Bó bá bọ́ sínú amọ̀, amọ̀ á dì í mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò òun máa lọ. Bó bá sì kan igi tàbí òkúta, á dún kó. Láti odò tiwa títí dé ẹnu odò, níbi tí omi dídùn ti ń pàdé omi iyọ̀ lápá ilẹ̀ Ìlàjẹ, kò sí ibi tí mi ò lè sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún yín. Àwọn ọlọ́kọ̀ a máa wá bi mí kí wọ́n tó kó ẹrù kọjá. Wọ́n wá sọ mí ní Ọ̀pá-ò-purọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi o! Nínú ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà tí à ń wọ aṣọ funfun, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè mí síwájú pé kí n wá gbàdúrà. Ta ni kò fẹ́ iyì?

Ọmọ mẹ́rin ni ìyá mi bí: èmi, àwọn àbúrò mi obìnrin méjì, àti Orímisàn, àbígbẹ̀yìn wa. Orímisàn yìí ni ìjọ fi ọkọ̀ wọn sí níkàáwọ́. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ẹ́ńjìnnì tuntun ló wà nídìí rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ sì ní kí wẹ́dà kan ní Òkìtìpupa jó irin pọ̀ di àgbélébùú gíga, wọ́n dè é mọ́ iwájú ọkọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá rí i láti òkèèrè lè mọ̀ pé àwọn ọmọ Ọlọ́run ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan létí omi, níṣojú àwọn èèyàn, àbúrò mi fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀pá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi igi yìí yan ẹja jàre. Ẹ́ńjìnnì ti dé.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni pé eré ló fi ṣe, bóyá eré náà ni. Ṣùgbọ́n ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Láti ọjọ́ náà, ẹnu lásán la fi ń kí ara wa.

Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, ó gbé àwọn ará ìjọ lọ sí ẹ̀ka ìjọ wa tó wà nítòsí òkun. Ó já wọn sílẹ̀, òun nìkan ló ń dá bọ̀. Ìjì jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò délé. Lọ́jọ́ kejì, apẹja kan rí kẹ́ẹ̀gì epo ọkọ̀ náà tó ń léfòó lórí omi níbi tí à ń pè ní Orí-Iyanrìn. Orúkọ ibẹ̀ ti sọ ara rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò jìn. Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan ní omi ló gbé e. Àwọn kan ní, “Omi wo? Ṣé òun kọ́ ló ń sọ kiri pé òun fẹ́ wá iṣẹ́ lọ sí Wàrì? Ó ti ta ọkọ̀ Olúwa, ó ti sá lọ.” Àwọn àgbà ìjọ ti bá òmùwẹ̀ mẹ́ta sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá wá a. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọ omi, wọ́n ní kí Ọ̀pá-ò-purọ́ lọ yẹ ìsàlẹ̀ wò ná.

Ó ku ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá ń yẹ omi wò nítorí èèyàn, ibi méje ló gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá bọ̀, kó yí ọkọ̀ ká bí ó ṣe ń ṣe é, kó má lanu sọ ohunkóhun títí yóò fi pé méje. Ibi kan ṣoṣo ni mo ti ọ̀pá bọ omi. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Òjò ń pa mí, ebi ń pa mí, inú àbúrò mi sì ń bí mi. Ọ̀pá dún kó, omi kò ju àyà mi lọ. Mo ní ó parí. Mo yí ọkọ̀ padà sílé. Nígbà tí mo dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n bi mí léèrè, mo sì gbé ọwọ́ sókè búra. Mo ní, “Mo ti yẹ gbogbo ibẹ̀ wò. Iyanrìn líle ni. Ọkọ̀ ò lè rì síbi tí ewúrẹ́ lè dúró sí.” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Wọ́n ní kí àwọn òmùwẹ̀ máa lọ sílé wọn. Láti ọjọ́ náà ni Orímisàn ti di olè ní Àyèká. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọdún kan, ó gbé ọmọbìnrin wọn, ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Òde-Ayé. Mo gbọ́ pé ọmọ náà kò fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí ìwé ní ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá mi nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ẹ yà, kí ló lè mú inú ìyá dùn sí irú ọ̀rọ̀ yìí? Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọma mi, ó dá ọ lójú pé kò sí nínú omi?” Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní, “Ọlọ́run ṣeun. Olè tó wà láàyè sàn fún mi ju ẹni mímọ́ tó kú lọ. Bó pẹ́ bó yá, á wá ulé.” Nínú ìjọ wa, ní ọjọ́ ìkórè, gbogbo ìyá ló máa ń tan àbẹ́là kọ̀ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà láàyè. Ti òkú yàtọ̀. Òkú ní ọjọ́ tirẹ̀, a máa ń pe orúkọ wọn, a sì máa ń gbàdúrà pé kí wọ́n sinmi. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí ìyá mi ti ń tan mẹ́rin. Àwọn kan a máa yínmú sí i nítorí àbẹ́là olè. Síbẹ̀, ó ń tàn án.

Lọ́dún yìí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kan dé láti yunifásítì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi, láti inú ọ̀sà títí dé ẹnu odò, kí wọ́n lè mọ ibi tó jẹ́ iyanrìn, ibi tó jẹ́ ẹrẹ̀, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré! Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ẹni tó mọ ojú omi, àwọn ará ìlú sì júwe mi fún wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ṣáájú wọn, mo ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń ké sísàlẹ̀ omi, ó ń gbọ́ bí ìsàlẹ̀ ṣe ń dá a lóhùn, ó sì ń ya ohun tó gbọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún ní páìpù irin tí wọ́n fi ń fa ẹrẹ̀ jáde. Kí ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀ ni mo ti ń sọ fún wọn: amọ̀ nìyí, iyanrìn nìyẹn. Ohun tí mo bá wí náà ni páìpù ń fà jáde. Ọ̀gá Kékeré ní, “Bàbá, ẹ ju ẹ̀rọ wa lọ o!” Orí mi wú.

Nígbà tí a dé Orí-Iyanrìn, mo ní kí wọ́n má fi epo ṣòfò níbẹ̀, pé iyanrìn líle ni, omi kò ju àyà lọ. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn pé, “Bàbá, a ò gbọ́dọ̀ fo ibì kankan. Ńṣe la máa lọ tí a máa bọ̀, bí ẹni ń kọ ebè.” A lọ ní ìlà àkọ́kọ́: iyanrìn. Mo fi ojú sọ fún un pé ṣé o rí i? A bọ̀ ní ìlà kejì, ìsàlẹ̀ omi sì já wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni fi àdá gé e. Ọ̀gá Kékeré pariwo. Ó ní kòtò náà jìn ju gíga ọ̀pẹ lọ. Ó ní odò àtijọ́ kan ló gbẹ́ ẹ, nígbà tí òkun ṣì jìnnà sí ibi tó wà lónìí, pé iyanrìn ti ń bò ó láti ẹ̀gbẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò tíì bò ó tán. Ó ní gẹdú ńláńlá wà létí kòtò náà, àwọn tó rì láyé àtijọ́ nígbà tí wọ́n máa ń so gẹdú pọ̀ gba ojú omi lọ sí Èkó.

Gẹdú! Mo rántí kó tí ọ̀pá mi dún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, iyanrìn kì í dún kó. Ṣààrà ni iyanrìn máa ń dún. Ọmọ ọdún méje ni mí tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá sọ fún mi pé igi ni mo wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀. Ọ̀pá kò purọ́, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn! Bí mo bá ti gún un dé ibi kejì péré, ì bá wọlé ṣàn, mi ò ní rí ìsàlẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìlà kẹrin la wà nígbà tí Ọ̀gá Kékeré ní, “Bàbá, ẹ wá wò. Èyí kì í ṣe òkúta.” Mo tẹ orí sílẹ̀. Ọkọ̀ kan dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kòtò náà, ẹrẹ̀ ti gba ìdajì rẹ̀. Òjìji ohun tó dúró níwájú rẹ̀ nà sórí ilẹ̀ omi, gbọọrọ, pẹ̀lú apá méjì. Àgbélébùú! Yéè, Orímisàn! Inú mi ló ti ké o, kò jáde lẹ́nu. Mo jókòó sórí okùn. Ọdún mọ́kànlá! Mo ti gba orí ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà tí mi ò lè kà, mo ti kọrin lórí ibẹ̀, mo ti jẹun lórí ibẹ̀. Ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ọkọ̀ yìí?” Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Rárá.” Mo tún purọ́! Ó wò mí, ó kọ nǹkan sínú ìwé, a sì ń bá ìlà wa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ó mú máàpù kan wá fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní kòtò náà kò ní orúkọ rí, nítorí náà àwọn ti fi orúkọ mi pè é láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wò ó, ó wà níbẹ̀ gàdàgbà: Ibú Ọ̀pá-ò-purọ́. Mo ní a dúpẹ́. Mo ká a, mo fi há inú Bíbélì mi, láti ìgbà náà mi ò lè ṣí Bíbélì náà mọ́.

Lánàá ni ìyá mi fúnra rẹ̀ wá sílé mi. Ó ti darúgbó, ó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí mo lè yà gbà. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, “Ọma mi, ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o bá dé Òkìtìpupa, bá mi ra àbẹ́là mẹ́rin bọ̀. Ti Orímisàn, kó jẹ́ èyí tó gùn díẹ̀ ju tiyín lọ. Ọ̀nà tiẹ̀ ló jìn.”

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́, kí ọmọbìnrin tó wà ní Òde-Ayé lè mọ̀ pé bàbá òun kì í ṣe olè, kí àbúrò mi lè gba àdúrà òkú tí mo fi dù ú láti ọdún mọ́kànlá. Iyì tí mo ní nínú ìjọ, kó lọ, mo ti fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ńkọ́? Irọ́ mi yìí ló fi ń gbé ayé. Bí mo bá fà á yọ, ṣé ẹ̀mí rẹ̀ kò ní bá a lọ? Ọ̀la ni mò ń lọ sí Òkìtìpupa. Bí mo bá dúró níwájú oníṣòwò tí ó ń ta àbẹ́là, tí ó bi mí pé mélòó ni mo fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí?