Bátìrì Méjì Lórí Páànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí wọ́n bá na ọmọ yín níṣojú yín nítorí ohun tí kò ṣe, tí ẹ sì mọ̀ pé kò ṣe é, ṣé ẹ máa lè dákẹ́? Ẹ má tíì dáhùn. Èmi náà, kó tó kàn mí, mo lè fi Bíbélì búra pé mi ò ní dákẹ́. Mo dákẹ́. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni mo fi dákẹ́. Garawa ọ̀dà kan wà lábẹ́ ibùsùn mi tí mi ò lè gbé dànù, mi ò sì lè ṣí i wò. Bí mo bá ń gbálẹ̀, tí ìgbálẹ̀ kàn án, irin inú rẹ̀ á dún, màá tètè fa ìgbálẹ̀ padà.

Ọmọ ọmọ mi, Tómi, ló ni garawa náà. Kúnlé, àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Warri, ló bí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ èmi àti bàbá rẹ̀ àgbà ní Upper Sakponba níbí ló ń gbé láti ìgbà tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọbìnrin ni o, àmọ́ rédíò tó ti kú, ohun ìṣeré tó ti fọ́, fáànù tí kò yí mọ́, òun ló ń kó wọn jọ sórí tábìlì ìjẹun mi. Á máa fi irin gbígbóná yọ́ òjé mọ́ wáyà, èéfín á gba gbogbo pálọ̀. Màá pariwo: "Ṣé ilé alágbẹ̀dẹ ni mo kọ́ ni?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Grandma, no vex, I don dey finish." Yorùbá yé e dáadáa, Pidgin ló kàn máa ń fi dá mi lóhùn. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bí mi nínú ni pé kò sí bátìrì tó lè sinmi nílé. Á yọ ti rìmóòtù, á yọ ti aago ara ògiri, á fi dán nǹkan tó ń ṣe wò, kò sì ní rántí dá a padà. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ju kíkùn lọ. Èmi ń ta abọ́ àti garawa oníke níwájú ilé. Ẹ̀rọ ìlọta wà lọ́tùn-ún mi, jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ wà lósì. Bó lu ògiri títí, ta ló máa gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọlé bá a nínú ìtọ̀, tí omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé kí ó tó jáde nílé, ó gbọ́dọ̀ lọ ṣòkòtò. Tómi rí i. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó ti tábìlì. Ó so bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ àgbà, ó fa wáyà gba ojú fèrèsé dé ìsọ̀ mi, ó sì gbé agogo kan kọ́ sókè orí mi níbẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́, agogo dún, mo fò sókè bí ẹni tí kòkòrò ta, ni ọkọ mi bá rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú! Látìgbà náà ó di eré. Á tẹ̀ ẹ́, màá sáré wọlé, màá bá a tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Màá ní, "Bàbá Kúnlé, ẹ fẹ́ fi eré pa mí ni?"

Ní ọjọ́ Sátidé kan, agogo náà kò dún ketekete mọ́. Tómi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn fún ìdánwò ní Sapele Road. Ó ní, "Grandma, battery don weak. No touch am o. I go buy new one as I dey come back." Mo ní mo ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ara mi kì í gba ìdúró. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ohùn rédíò bàbá mi bá ti ń fà, orí páànù la máa ń sá bátìrì rẹ̀ sí. Tó bá gbóná dáadáa, rédíò á tún sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì sí i. Títí di ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń ṣe ti tọ́ọ̀ṣì mi nìyẹn. Oòrùn sì mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ṣí ẹ̀yìn agogo, mo yọ bátìrì méjèèjì, mo tò wọ́n sórí páànù ilé adìyẹ. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Ìyá kan bá dé tó fẹ́ ra abọ́ ìsọmọlórúkọ, ó ń yí abọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń ná ọjà, à ń rẹ́rìn-ín. Bátìrì kúrò lọ́kàn mi pátápátá.

Ìgbà tí mo gbé ẹ̀kọ wọlé fún ọkọ mi ni mo bá a nílẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti dìde, orí rẹ̀ ti gbá irin ibùsùn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ pinpin. Ó ń pè mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ń pè mí, mo sì wà níta. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ní ọsibítù tó fi kú.

Kí àwọn aládùúgbò tó pé lé wa lórí lọ́jọ́ tó ṣubú yẹn, mo ti sáré lọ kó bátìrì náà, mo sì ti dì í sí etí ìró mi. Nígbà tí Kúnlé dé láti Warri nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yí agogo padà, ó bá a lófìfo. Ó wo Tómi. "O tún yọ ọ́, àbí? O yọ bátìrì bàbá mi lọ fi ṣeré!" Ọmọ náà ní, "Daddy, I swear, I no touch am." Kúnlé gbá a létí, ó tún gbá ìkejì. Tómi wá yíjú sí mi. "Grandma, na you comot am?" Gbogbo ilé wò mí. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò mọ orí wáyà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀?" Wọ́n gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí wọn ò ní gbà mí gbọ́? Bátìrì náà sì ń gún mi ní ìbàdí.

Ọmọ náà kó gbogbo wáyà àti irin rẹ̀ sínú garawa ọ̀dà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó bá bàbá rẹ̀ lọ. Kò fọwọ́ kan wáyà mọ́ títí dòní. Bí mo bá pè é lórí fóònù, "Yes ma," "No ma," ó parí. Níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú yìí lóṣù tó kọjá, obìnrin kan bi mí pé, "Ẹnjiníà tó pa bàbá ńkọ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi tún gèlè mi wé.

Tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá di ọjọ́ kejì, irọ́ ni ẹ ó máa pa kún un. Láàárọ̀ yìí ni Kúnlé pè mí nítorí àdúrà ọdún kan bàbá rẹ̀. Ó ní Tómi lóun ò ní wá, pé gbogbo ẹbí á máa wo òun.

Mo ní, "Kúnlé, ta ló yọ bátìrì agogo bàbá rẹ?"

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. A ti dárí ji ọmọ yẹn."

Mo ní, "Kò sí ohun tí ẹ máa dárí ẹ̀ jì í. Gbé fóònù fún un, kí ìwọ náà sì dúró gbọ́." Mo gbọ́ tí ọmọ náà ní, "Yes ma." Mo wá sọ ọ́: "Tómi, èmi ni. Èmi ni mo yọ ọ́."