Ilẹ̀ Tí Bàbá Ní Kí N Má Gbẹ́

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ tó máa jẹ́. Láràárọ̀, tí mo bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àyà mi á já, àfi ìgbà tí mo bá gbọ́ òórùn ẹ̀wà tí wọ́n gbé wá fún wa ni ara mi tó máa balẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ara mi, nítorí ìyá mi ṣì wà láyé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtìjú tí mo kó bá wọn sì ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹni tí kò jí abẹ́rẹ́ rí ṣe di apànìyàn. Tí mo bá ń rò ó nínú yàrá kékeré yìí, ẹnu máa ń yà mí, torí pé iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù láyé ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Irin àlòkù ni mo ń bá ọ̀gá mi rà kiri ní àdúgbò Pedro ní Ṣómólú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó. Ọ̀gá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn, Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, ní ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní awárin. Ọ̀pá gígùn kan ni, wọ́n de àwo pẹrẹsẹ mọ́ ọn nídìí. Ẹ ó máa fì í jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀. Tí irin bá wà nísàlẹ̀, á ké. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan la wà ní Fọlá Agoro. Ọ̀gá mi gbẹ́ ibẹ̀, ó sì yọ owó ọ̀nìní ayé àtijọ́ kan jáde, èyí tó ní ihò láàárín. Mo gbà á, mo kàn jókòó sílẹ̀ ni. Ẹni tó sọ ọ́ nù ti kú, ilé tó ń gbé ti wó, owó náà sì wà níbẹ̀ ní tirẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ń gbé ibí nígbà yẹn?"

"Ṣé wọ́n ti bí mi nígbà yẹn ni?" ni ọ̀gá mi dá mi lóhùn. "Dìde, kí o bo ihò yẹn."

Ó kọ́ mi níbi tí à ń lọ àti ìgbà tí à ń lọ. Lẹ́yìn òjò ló dára jù, torí ilẹ̀ tó bá tutù máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ohun tó jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀sà bá fà ní Bàrígà, ẹrẹ̀ etí omi là ń lọ, níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ti ń so ọkọ̀. Abẹ́ igi táwọn èèyàn ti máa ń jókòó, ìdí kànga, ẹ̀yìnkùlé tó ti pẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ní nǹkan nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kì í gbé ẹ̀rọ wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni láìgba àyè. Tí ẹ̀rọ bá sì ké, kò ní fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ títí onílé á fi jáde wá, tí á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ojú ibẹ̀, tí á ní, "Ó yá, gbẹ́ ẹ." Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, ojú onílé la ti ń yọ ọ́.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, wàhálà yìí pọ̀ jù. Wọ́n ti fún wa láyè, kí la tún ń pè wọ́n jáde fún?"

"Ṣé ìwọ lo rì í mọ́lẹ̀?"

"Rárá o."

"Pa ẹnu dé nígbà náà."

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀gá mi, ó ní kí n máa dá gbé ẹ̀rọ jáde. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni ìwà mi ti kọ́kọ́ yí. Màmá àgbà kan ló ni ín. Ọkọ wọn ti ń tẹ̀wé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ̀rọ ké lẹ́yìnkùlé, Màmá fẹsẹ̀ tẹ ojú ibẹ̀, mo sì gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, a, b, d tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ni mo bá lábẹ́ ilẹ̀! Òjé ni wọ́n fi rọ wọ́n, kéékèèké, gbogbo wọn kọjú sódì, wọ́n pọ̀ débi pé mò ń fọwọ́ bù wọ́n. Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọkọ mi ló to gbogbo èyí." Wọ́n bu díẹ̀ sínú ìró wọn, wọ́n lọ fi han àwọn ọmọ wọn nínú ilé.

Wọn ò tíì padà dé tí ẹ̀rọ tún ké nídìí ẹ̀rọ omi. Ó yẹ kí n dúró. Mo fi ìka wa ilẹ̀, mo bá rí òrùka góòlù kan, ó sì ń dán bí ẹni pé àná ló bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo jù ú sápò.

Màmá yọjú. "Ṣé ó tún ké ni?"

"Ìdérí ìgò lásán ni, Mà."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Mo ṣe àmín. Àmín yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Láti ọjọ́ náà, tí ẹ̀rọ bá ti ké, kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ ni mò ń gbọ́ mọ́, góòlù ni.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀bùn ní Bàrígà. Apẹja Ìlàjẹ ni Bàbá, àgbà ti dé, wọn ò wọ odò mọ́. Ìyàwó wọn ti kú, Ẹ̀bùn ọmọ wọn tó ń yan ẹja tà ló ń tọ́jú wọn. Mo tọrọ àyè, Bàbá sì rẹ́rìn-ín sí mi.

"Gbogbo àgbàlá yìí, máa wá a," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ìdí fèrèsé mi yẹn, láti ibi ìkòkò omi dé ara ògiri, má dé ibẹ̀."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò ní débẹ̀."

Mi ò béèrè ìdí. Ta ló ń bi àgbà ní ìdí tó fi ní kí wọ́n má gbẹ́ àgbàlá rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá wọlé, mo fi ẹ̀rọ kọjá lórí ibẹ̀. Ó ké. Mo sún un, ó tún ké. Mo fi òkúta sí gbogbo ibi tó ti ké, mo wá rí i pé wọ́n tò sí apá ọ̀tún àti apá òsì, wọ́n sì gùn tó èèyàn. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí sàréè bàbá bàbá mi la ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi bo tiwa, wọ́n kọ orúkọ sí i. Iyanrìn lásán ló wà nídìí fèrèsé yìí. Mo sì gbà pé etíkun Ìlàjẹ ni wọ́n gbé ìyàwó Bàbá lọ sin. Àpótí ẹrù ńlá ni mo pè é lọ́kàn mi, mo ní Bàbá ló ń fi ọrọ̀ pamọ́. Mo kó òkúta mi kúrò, mo sì kí wọn pé ó dàbọ̀.

Òjò rọ̀ ní Sátidé. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, tí Bàbá àti Ẹ̀bùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fo ọgbà wọlé. Ilẹ̀ náà rọ̀, ó ń gba ṣọ́bìrì wẹ́rẹ́. Mo gbẹ́ títí mo fi kan irin, mo fi aṣọ mi nù ún, idẹ ló jẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ. Pákó ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ pósí ni mo dì mú.

Mi ò lè sá, mi ò lè dìde. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ ló ń ro wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá dá padà wálé. Wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ti ṣí fìlà, wọn ò tilẹ̀ wò mí. Inú ihò ni wọ́n ń wò.

"Ìyá Ẹ̀bùn," ni wọ́n pè, jẹ́jẹ́. "Má bínú o. Ọmọdé ni."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. "Òun ló ní a ò gbọdọ̀ fi sìmẹ́ǹtì bo òun. Ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ òjò." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Dúró dè mí níbẹ̀."

Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ. Mo ti rí ohun tí wọ́n ń fi olè ṣe ní Bàrígà, mo ti rí táyà àti iná. Mo rò pé géètì ni Bàbá ń lọ, pé wọ́n fẹ́ lọ pe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Mo fò dìde, mo sá tẹ̀lé wọn, mo gbé ṣọ́bìrì sókè, mo là á mọ́ wọn lórí láti ẹ̀yìn. Wọn ò ké. Wọ́n ṣubú, ó sì tán. Èmi ni mo ké, igbe mi ló sì mú káwọn aládùúgbò wá mú mi.

Ní kóòtù, Ẹ̀bùn dúró níwájú adájọ́, kò sunkún. Ó ní, "Bàbá mi ò lọ sí géètì. Iwájú ilé ni géètì wà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ṣubú sí, níbi tí ṣọ́bìrì tiwọn máa ń wà. Ọwọ́ wọn ti kan án." Ìgbà yẹn ló yé mi. Bàbá fẹ́ wá bá mi bò ó ni. Wọ́n fẹ́ ká jọ bò ó. Ọlọ́run mi, irú èèyàn wo ni mo pa yìí?

Ẹ̀bùn wá wò mí níbí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè gbójú sókè. Ó ní òun kàn wá sọ fún mi pé wọn ò wá ilẹ̀ míì fún Bàbá, ihò tí mo gbẹ́ ni wọ́n fẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ ìyá òun ni Bàbá sùn sí. Ó ní, "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ sàréè wọn." Ó dìde, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ má wá nǹkan abẹ́ ilẹ̀. Ìyanu ló kún inú ilẹ̀ Ṣómólú àti Bàrígà, ó wù mí kí ẹ rí i. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò, ẹ lọ nígbà tí ọ̀sà bá fà. Ṣùgbọ́n ẹ pe onílé jáde, ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ẹ. Ibi tó bá sì ní kí ẹ má dé, bí ẹ̀rọ bá ń ké níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ gbé e kọ́ èjìká, kí ẹ máa lọ sílé lọ bá ìyá yín. Tèmi ń retí mi, mi ò sì ní dé.