Eérú Ìdí Kòkó

Nínú mọ́tò tó ń ti Odigbo bọ̀ ní Ore ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá àgbẹ̀ kan àti ọmọbìnrin yunifásítì kan tó gbé àpò erùpẹ̀ lé ẹsẹ̀ ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, iná kékeré bíi ti bátìrì wà lára erùpẹ̀, òun ló fi ń di ajílẹ̀ mú. Amọ̀ funfun àti ilẹ̀ pupa ló para pọ̀ di erùpẹ̀ agbègbè yín, mo sì ti ṣírò iná ti méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bù fún mi nídìí kòkó ẹ̀yìnkùlé yín, ó ń di nǹkan mú ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ."

"Eérú ni. Ìyàwó mi ló máa ń da eérú ààrò síbẹ̀ láràárọ̀."

"Háà! Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Eérú ti yí i padà nìyẹn. Màá dà á nù, màá wá bu òmíràn."

Bàbá wo àpò náà.

"Ọdún kejì rèé tí mo sin ìyàwó mi. N kò dáná nínú ààrò náà mọ́. Mo ṣebí òjò ti wẹ eérú náà lọ."

"Rárá o, bàbá. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń di nǹkan mú."

"Ó ṣì ń di nǹkan mú." Bàbá tún un sọ bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé gáréèjì, ó nawọ́ sí àpò náà.

"Má dà á nù, ọmọ mi. Dá a padà fún mi."