Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù Tí Ń Fì Nígbà Tí Iná Kò Sí ní Ẹ̀pẹ́

Mi ò sí lórí ibùsùn ikú o. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ibà ló ń mú mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí mo jẹ ẹ̀bà méjì, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Èbúté Ìkòròdú, mo sì rìn padà. Ara mi le. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún 2005 ni kò dà nínú mi, òní ni mo sì fẹ́ bì í síta, lójú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí èmi fúnra mi kọ́, níbi tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní "Bàbá Íńtánẹ́ẹ̀tì" yóò ti rí i. Èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnwálé, mo purọ́ fún yín. Èyí tó burú jù ni pé mo ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ kí irọ́ náà lè dúró.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn, torí ó dùn! Nígbà yẹn, Ìkòròdú ni yunifásítì wa ń kó àwọn ọmọ ọdún kìíní sí, Ẹ̀pẹ́ ni láàbù físíìsì wà. Irinwó akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nípa pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ìyẹn irin róbótó tí a fi okùn so rọ̀, tó ń fì síwá sẹ́yìn, tí a fi ń ṣírò agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra. Wọn ò fojú rí ọ̀kan rí, àfi èyí tí mo fi ṣọ́ọ̀kì yà sára bọ́ọ̀dù. Mo wá rò ó pé, kí ló dé tí a ò lè gbé láàbù lọ bá wọn? Èmi àti Festus, ẹni tó ń tọ́jú láàbù, so irin kan rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, a gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, a fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, a sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí ọmọ kan jókòó sí káfé ní Ìkòròdú, tó tẹ bọ́tìnì, tí irin fì ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ò bá rò pé góòlù ni wọ́n gbá wọlé! "Ó ń fì! Ó ń fì! Prof, ó ń fì!" Èmi náà fò sókè, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹni ọgọ́ta ọdún, ìgbànú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́. Òtítọ́ ni ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejìlá, atẹ́gùn ọ̀sà ti jẹ wáyà, irin dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, ìwé ìròyìn ti gbé fọ́tò mi jáde, mo gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà bí ọba tó di ọ̀pá àṣẹ mú. Mo ti tẹ káàdì tuntun. Tí wọ́n bá ní "Bàbá Ín—", mo ti dáhùn. Festus ní, "Prof, ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé ó bàjẹ́. Kí ni kì í bàjẹ́?" Mo ní, "Àwọn àlejò òkè òkun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó kú ni ká gbé síwájú wọn?" Ó ní, "Èyí tó kú sàn ju òkú tó ń jó lọ, sà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo mú fídíò tí a ti yà nígbà tó ṣì ń fì, mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní èsì tó dára, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré kí irọ́ má baà jọ irọ́. Mo gbé méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan tí a háyà ààyè lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Festus kò bá mi ṣe é, ṣùgbọ́n ó panu mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbọ̀ngàn Ìkòròdú kún fọ́fọ́. Mo tẹ bọ́tìnì, àwòrán irin fì lára ògiri, àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè lẹ́yìn, Mùlíkátù Àlímì, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọmọ tí yóò bi ọ́ ní ìbéèrè títí ṣọ́ọ̀kì á fi tán lọ́wọ́ rẹ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé láàbù Ẹ̀pẹ́ la ń wò yìí, nísinsìnyí?" "Nísinsìnyí gan-an, ọmọ mi." "Ṣé jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ ni, sà?" Mo yan, mo ní a kì í lo jẹnẹrétọ̀. Ó ní, "Ó yà mí lẹ́nu ni, sà. Tiransifọ́mà àdúgbò láàbù yẹn jó láti ọjọ́ Jímọ̀. Àná ni mo ti ibẹ̀ dé. Gbogbo ẹja màmá mi ló ti jẹrà nínú fìrísà. Iná tó mọ́lẹ̀ sórí irin yẹn, níbo ló ti wá?" Háà! Kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà kò mọ̀ pé iná lọ ní Ẹ̀pẹ́, èmi tí mo ń jayé ní Ìkòròdú kò sì béèrè. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Bátìrì ni. Jókòó, jàre. A ò kọ́ físíìsì nínú fìrísà ẹja." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni! Nígbà tí àsìkò àtifi iṣẹ́ ránṣẹ́ dé, Mùlíkátù kò gba èsì tí ojú ewé mi fún un. Ó so òkúta rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó kà á nígbà ogún, ó fi èsì tirẹ̀ ránṣẹ́, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Tèmi kò pé, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀." Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ kírun, mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo fi pásíwọ́ọ̀dù tí èmi nìkan ní wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Mo pa èsì rẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo da ti akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kọ sípò rẹ̀, láìyọ ẹyọ nọ́ńbà kan. Lẹ́yìn náà mo lọ fẹjọ́ sùn pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló jí kọ. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní. Níwájú ìgbìmọ̀, ó ń sunkún: "Kì í ṣe ohun tí mo kọ nìyí! Prof, ẹ̀yin náà mọ̀!" Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní, "Bàbá, ọmọ mi kì í jalè. Ẹ bá wa wò ó dáadáa nínú ẹ̀rọ yẹn." Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́." Wọ́n lé e. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi mí ṣe olùdarí ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì wa.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Lóṣù tó lọ, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ijede pè mí wá fún àwọn ọmọ lẹ́bùn. Mo gbọ́ ariwo lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọmọ so àgádágodo rọ̀, wọ́n ń ka bó ṣe ń fì, ọ̀kan ní méjìlélógún, èkejì ní ogún, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ara wọn mọ́lẹ̀. "Irọ́ lò ń pa!" "Ìwọ lo sùn lọ!" Olùkọ́ wọn ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ tún un kà." Mùlíkátù ni. Nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí, olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàsán, sà." Ó yíjú sí àwọn ọmọ: "Olùkọ́ mi nìyí." Kò fi nǹkan kan kún un. Mo pè é sẹ́yìn ilé, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, sà. Ẹ má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ojú gbogbo ayé lẹ ti pè mí lólè."

Gbogbo ayé, ẹ gbọ́: kò jalè, èmi ni mo jalè. Kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà tọ́jú ọjọ́, wákàtí, àti orúkọ ẹni tó wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ mi ni. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, Festus ti fọwọ́ sí i, ó sì ti wà níwájú ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ẹ ń gbé láàbù tiyín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má dáwọ́ dúró, ó dára, ó dára gan-an! Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ó bàjẹ́. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ẹ máa jókòó lọ́jọ́bọ̀, mo mọ̀ yín, mo ti bá yín jókòó rí. Tí ẹ bá kọ́kọ́ gba oyè lọ́wọ́ mi, ìjà ta ni yóò jẹ olùdarí lẹ ó fi ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ dá Mùlíkátù padà sí kíláàsì. Tí ẹ bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ ti fọwọ́ sí i tán, kí ẹ wá pè mí wọlé. Ìta ni mo máa wà.