Káàdì Lennox Lórí Pátákó Iná

Mi ò jókòó! Ta ló sọ fún ẹ pé ìjókòó ni mo bá wá? Gbé àga ẹ sọ́hùn-ún jàre, Orville, kí o sì sọ fún ìyàwó ẹ kó má wulẹ̀ gbé rótì kankan síwájú mi, torí oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá mọ́ láti ọjọ́ Sátidé tí iná ti jó Lennox lójú mi kòrókòró. Má wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ti gbọ́, ìyàwó ẹ ti gbọ́! Ṣé kò yẹ kó gbọ́ ni? Ṣé kì í ṣe Lennox yìí ló gbé ọmọ yín dání ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n ń sàmì fún un?

Má pè mí ní Sísítà. Dá mi lóhùn ná! Kí ni mo sọ fún ẹ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Èmi fúnra mi ni mo pè ọ́, fóònù tó wà lábẹ́ gílóòbù búlúù nínú ihò ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni mo fi pè, mo ní, "Orville, Hyacinth nìyí, èmi àti Lennox fẹ́ wọ ojú irin o, agbòjò kan ti há sábẹ́ irin kẹta tó ń gbé iná, ó sì ti ń rú èéfín, jọ̀ọ́, bá wa pa iná." O ní o ti pa á. O ní o ti gbé káàdì pupa wa, èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má tan iná, kọ́ sórí pátákó iná tó wà níwájú ẹ. O tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, o ní ṣé kì í ṣe agbòjò ọkọ mi ló há síbẹ̀. Àbí mo purọ́? Wò mí lójú báyìí kí o ní mo purọ́!

Lennox sì dán an wò. Mo tún un sọ, Lennox dán irin yẹn wò! Ó gbé gílóòbù tí a fi ń dán iná wò lé e lórí, kò tàn. Ó tún gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì, ṣebí ìwọ náà mọ ìwà ẹ̀, ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́tò tán tó tún máa padà lọ fà á wò. Kò tàn! Ìgbà yẹn ló tó kúnlẹ̀, tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ pákó tí wọ́n fi bo irin náà, ló bá ń fa agbòjò, ló ń bú ẹni tó jù ú síbẹ̀, ó ní àwọn èèyàn àdúgbò Queens yìí, tí òjò bá ti dá báyìí, wọn ò mọ ohun tó gbà wọ́n lọ́wọ́ òjò mọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín. Yéè, Orville, mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ibẹ̀ bú gbàmù!

Ta ló ní kí iná dé? Mo ní ta ló ní kí iná dé! Àwọn Scalise tó ń tún iná àmì ọkọ̀ ṣe lápá téṣàn kejì, àwọn náà ní káàdì tiwọn lórí pátákó fún ojú irin kan náà, o mọ̀, mo mọ̀. Wọ́n parí iṣẹ́ tiwọn, Scalise pè ọ́, ó ní gbogbo àwọn ti jáde. Àwọn tiẹ̀ ló sọ, kò dárúkọ wa! Ìwọ wá fa káàdì méjèèjì yọ pọ̀, o tan iná. Háà! Ta ni ò mọ̀ nínú iṣẹ́ wa pé ẹni tó ní kí wọ́n pa iná, òun nìkan náà ló lè ní kí wọ́n tan án? Kódà kí gómìnà pè! Ṣé mo pè ọ́? Ṣé ohùn mi jọ ti Scalise tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn lọ́dún gbogbo?

Kí lo wí? Ọkọ̀ tò? Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tò, ṣé èmi ò sí nínú ihò ọ̀hún ni? Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ń pariwo sí ẹ létí pé èrò ti ń bínú. Kí wọ́n máa bínú! Ẹni tó bínú nínú ọkọ̀ yẹn ti délé, ó ti jẹun, ó ti gbàgbé. Lennox ò lè gbé ṣíbí dé ẹnu ara ẹ̀.

Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí máa tún jókòó, o sì mọ ohun tí wọ́n ti fẹ́ sọ, wọ́n fẹ́ ní kò dán irin wò. Èmi ti wí tèmi, wọ́n ní ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni mí, wọ́n ní jìnnìjìnnì ọjọ́ yẹn ti dà mí lórí rú. Wọ́n wá bi ìwọ léèrè ìgbà tí iná padà dé, o ní o ò lè sọ pàtó. Ìwọ! Ìwọ Orville tí ẹnu ẹ kì í dákẹ́ lórí fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìwọ lo ò lè sọ pàtó. Ojú ò tì ẹ́!

Ṣùgbọ́n gbọ́, jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ kọ́ ló gbé mi wá síbí. Mo lọ wo Lennox lánàá. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú ẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, dókítà ní àwọn lè ní láti gé tọ̀tún. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Sísítà Hyacinth, ṣé mo dán an wò?" Mo ní o dán an wò. Ó ní rárá, mò ń tan òun ni, mò ń ṣàánú òun ni, pé tí òun bá dán an wò lóòótọ́, iná ò lè sí níbẹ̀. Ó ní òun ti rò ó síwá sẹ́yìn, òun ló gbàgbé. Ó wá ń bẹ̀ mí! Orville, èmi ló ń bẹ̀ o, pé kí n dárí ji òun, pé òun ìbá pa mí mọ́ ara òun. Mo sá jáde, mo figbe ta, àwọn nọ́ọ̀sì rò pé aláìsàn mi ti kú ni.

Mo bẹ̀ ẹ́. Shondell ìyàwó Lennox sọ ọ́ títí, kò gbà. Èmi sọ ọ́, kò gbà. Ta ló kù tó lè gbà gbọ́?

Má sunkún! Kí ni mo fẹ́ fi ẹkún ẹ ṣe? Mo mọ̀ pé o bímọ, mo mọ̀ pé ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà ẹ́. Mi ò kórìíra ẹ, Ọlọ́run ló gbọ́, ká ní mo kórìíra ẹ ni, ọlọ́pàá ni mi ò bá kó wá, kì í ṣe omijé.

Ó dáa. Má dé iwájú ìgbìmọ̀ mọ́. Ṣé o gbọ́? Purọ́ fún wọn tó bá wù ẹ́, èmi àti wọn la máa jọ fà á. Ṣùgbọ́n o ò ní fi Lennox sílẹ̀ báyìí. Gba fóònù yìí. Gbà á, mo ní! Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti pe Shondell kí n tó gun àtẹ̀gùn yín, ó ti gbé fóònù sí Lennox létí látìgbà tí mo ti ń pariwo, kò sì gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan gbọ́ nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ. Ohùn tìẹ ló ń retí. Orville, ó ń gbọ́ ẹ báyìí. Sọ fún un pé ó dán irin yẹn wò.