Abọ́ Lásísì ní Yokohámà

Kí òmìnira tó dé ni. Nídìí ìrẹsì Ìyá Ràfíù ní Èbúté Mẹ́ta, mo gbọ́ tí Àǹtí Sàbítíù ń bi Jóònú, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, léèrè nípa Lásísì, àbúrò Àǹtí náà, tí òun àti Jóònú jọ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ kó tó kú sójú òkun.

"Kí lẹ máa ń jẹ ní Jàpáànì?"

"Ìyẹ̀fun tí wọ́n fà gùn bí okùn, nínú ọbẹ̀ olómi gbígbóná. Lásísì á yọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ sí abọ́ mi."

"Ìwọ wá ń jẹ méjì. Ṣé òun máa ń yó?"

Ìbéèrè yẹn ò kúrò létí mi.

"Ó ń yó, Àǹtí. Nígbà tí èmi nìkan padà lọ sí Yokohámà, abọ́ méjì ni bàbá olóúnjẹ gbé kalẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè tí mo lè fi sọ fún un."

"O wá ṣe báwo?"

"Mo yọ ẹran kúrò nínú ti Lásísì."